Bí Rogatien Ṣe Di Ìyàwó Ilé Ṣàngóbíyì

Ẹni tó bá sọ pé ẹnu lásán kì í fún epo, ẹ rán an sí mi. Èmi Àgbékẹ́, ìyàwó ilé Ṣàngóbíyì ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ níbí, ni màá dá a lóhùn, n kò sì ní dá a lóhùn jẹ́jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ díẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Dahomey gba òmìnira, nígbà tí ìjọba ń yí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ìdun ń jẹ lórí ẹní. Ẹ óò jí lówùúrọ̀, ẹ óò gbọ́ pé ológun mìíràn ti gbà á, wọn óò sì yọ àwòrán ẹni àná kúrò lára ògiri bírò. Àsìkò tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kámáráàdì kò tí ì dé. Bàbá ṣì ń jẹ́ bàbá, ìyàwó ṣì ń jẹ́ ìyàwó, kò sì sí ẹni tó ń dà á pọ̀ àfi Rogatien.

Mo ní ẹbu kan létí odò, nísàlẹ̀ ilé wa. Ẹbu ni ibi tí a ti ń se ẹyìn, tí a ti ń gún un, tí a sì ti ń fi omi ya epo rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó láti Oko-Akàrè ni mo ti ń dáná níbẹ̀. Nígbà tí Fábíyì ọkọ mi kú, wọ́n fẹ́ ṣú mi lópó fún àbúrò rẹ̀, ọkùnrin kan tó máa ń sùn lọ tí òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní rárá o, ẹbu mi tó mi í fẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí sì ti wà nílé ọkọ ní Pobẹ̀. Ẹ rí i pé ẹbu yẹn nìkan ló mú mi dúró nílé Ṣàngóbíyì. Bí iná rẹ̀ bá kú, ó di kí n di ẹrù padà sí Oko-Akàrè, kí n lọ máa gba àṣẹ lẹ́nu ìyàwó àbúrò mi tí mo bá wọn ru ẹrù rẹ̀ wọlé. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Báyìí ni mo jókòó jẹ́jẹ́ tí Rogatien dé. Ọmọ Tàtọ́nnọ̀kọ̀n ni, ìdílé onísìn Kátólíìkì. Ó kàwé ní Àjàṣẹ́, ó sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò kan ní Kùtọnú. Ìlà ṣòkòtò rẹ̀ mú débi pé ènìyàn lè fi rẹ́ ilá. Ó gbé ẹ̀rọ kan dé, irin ńlá tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tó ń fún ẹyìn títí ìhá rẹ̀, ìyókù rẹ̀ tí a fi ń dáná, fi ń gbẹ fúrúfúrú. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá títì, ó gbé pátákó kọ́ sórí rẹ̀, ó ní sosiete, ìyẹn iléeṣẹ́, ni. Sosiete wo? Òun, Bernadette ìyàwó rẹ̀, àti ẹ̀rọ náà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò ní, omi. Ènìyàn kì í ya epo láìsí omi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì jìnnà sódò, orí ni wọ́n fi ń ru omi débẹ̀. Ó bá gbé ìgò sódabì, ògógóró wa níbí, ó tọ Àlàgbé lọ. Àlàgbé ni olórí ẹbí wa, ẹni tí kì í dá ẹjọ́ lónìí tó bá lè dá a lẹ́ẹ̀mìíràn. Rogatien ní kó fún òun ní ìdí odò, níbi tí èmi Àgbékẹ́ ń dáná sí. Àlàgbé mu sódabì tán, ó nu ẹnu, ó ní ilẹ̀ ìdí odò kì í ṣe ti Àgbékẹ́, kì í sì í ṣe ti Rogatien, ti ilé Ṣàngóbíyì ni. Ó ní kí àwa méjèèjì lọ máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá di ọjọ́ ọdún ilé, ẹni tí àwọn ọmọbìnrin ilé wa bá ń gbé ẹyìn lọ bá ni òun máa fa ilẹ̀ náà lé lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, mo da ìkòkò ọbẹ̀ mi nù. Kì í ṣe pé ó ṣubú o, èmi ni mo dà á nù.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́, ẹ̀rọ náà dára. Àwọn obìnrin lọ wò ó, wọ́n gbé ẹyìn fún un, epo jáde wẹ́rẹ́, ó sì mọ́ ju tèmi lọ. Wọ́n kí Rogatien pé ó ṣeun. Nígbà tí ọjà tún pé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé ẹyìn wá. Rogatien dín èkùrọ́ tó ń gbà lọ́wọ́ wọn fún owó iṣẹ́ kù, wọ́n tún kí i, wọ́n tún wá sọ́dọ̀ mi. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó wá ń sọ kiri pé ọ̀gá kan kọ́ àwọn ní Kùtọnú pé ọrọ̀ tó lágbára jù nínú iléeṣẹ́ ni èyí tí ojú kò rí, tí a kò lè gbé ka orí òṣùwọ̀n, tí olè kò sì lè rù lọ. Ó ní Àgbékẹ́ ní in, òun á sì mọ ohun tó jẹ́.

Ohun tí ojú kò rí, ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń sọ pé mo ri nǹkan mọ́ abẹ́ ààrò. Bernadette lọ so mẹ́dáìlì Màríà mọ́ ọrùn ẹ̀rọ wọn. Ìyàwó kan nílé wa ń rọra wò mí bí ó bá ń gba iná lọ́wọ́ mi. Mo ní kó wò mí dáadáa, pé bí mo bá ní oògùn, ẹnu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa fi dì.

Lọ́jọ́ kan, Rogatien fúnra rẹ̀ wá. Ó jókòó sórí igi ìdáná, ó ní ìhá lòun wá rà. Ìhá ilé tirẹ̀ ga ju òrùlé rẹ̀ lọ! Mo mọ̀ pé amí ló wá ṣe, ṣùgbọ́n kí ni mo ní tí mo fẹ́ fi pamọ́? Mo ń ro ìkòkò ẹyìn mi lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ìyábùnmi gbé agbọ̀n ẹyìn dé. Ọmọbìnrin ilé wa ni, tó ń gbé nílé ọkọ lápá kejì ìlú, obìnrin tó lè ru garawa epo gba inú ọjà kọjá láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan ta sílẹ̀. Mo ní, "Arìn-má-depo, ọkọ mi, ta ló tún bí ọ nínú láàárọ̀ yìí?" Ojú rẹ̀ tó ti le láti ilé rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ fún mi, mo sì ń bá a bú ìyá ọkọ náà níwọ̀nba.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n pọ̀n wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn ni ọkọ rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, òun ló sì máa sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀. Èmi ti sọ gbogbo ilé Ṣàngóbíyì lórúkọ tán. Málọmọ́, àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ilé, tí awọ ọrùn rẹ̀ ti ká lé ara báyìí, Ọrùn-yẹ-ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é. Ẹ wá wò ó bí mo bá pè é, ẹ óò rí i bí yóò ṣe na ọrùn náà. Nílé ọkọ wọn, ìyàwó ni àwọn obìnrin yìí ń jẹ́, tàbí ìyá ọmọ báyìí, tàbí "ìwọ". Ẹbu mi nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ pé àwọn náà ti fìgbà kan jẹ́ ọmọge nílé bàbá wọn.

Rogatien lu itan rẹ̀, ó ti mọ ohun tí ojú kò rí náà. Ó dìde, kò tilẹ̀ rántí ìhá mọ́.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Rogatien, ọkùnrin onírunmú tó wọ bàtà aláwọ, dúró lẹ́bàá títì, ó tẹríba fún Ìyábùnmi tó ń kọjá lọ, ó ní, "Arìn-má-depo, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀." Ìyábùnmi rẹ́rìn-ín títí agbọ̀n fi bọ́ lórí rẹ̀. Bó sì ti bọ́ síbẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti fún ẹyìn rẹ̀. Ó sọ fún èkejì, èkejì sọ fún ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn ló fẹ́ lọ gbọ́ bí ọkùnrin ṣe ń pe obìnrin lọ́kọ. Rogatien ti wádìí gbogbo orúkọ mi lẹ́nu wọn, ó há wọn sórí bí ìwé kátíkísìmù, kò sì ṣi ẹyọ kan pè. Níjọ́ díẹ̀, ẹbu mi dá páropáro. Ewúrẹ́ wọ inú ààrò mi, ó bímọ síbẹ̀.

Inú bí mi. Ọdún ilé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Àlàgbé á sì ṣe bó ti wí. Mo bá gba ọ̀dọ̀ Málọmọ́ lọ, mo kúnlẹ̀, mo ní wọ́n ti jí mi lórúkọ kó. Málọmọ́ ń jẹ obì lọ. Ó ní orúkọ kì í ṣe adìyẹ, wọn kì í jí i kó. Lẹ́yìn náà ló wá dá obì dúró lẹ́nu.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ta ní ń pè mí lọ́kọ? Ìyàwó ni. Bí ọmọ Tàtọ́nnọ̀kọ̀n yẹn bá pè mí lọ́kọ, tí mo sì jẹ́ ẹ fún un, a jẹ́ pé mo ti gbé e níyàwó nìyẹn."

Mo bi í bóyá òun náà ti jẹ́ ẹ. Ó wo ibòmíràn. Ṣé ẹ rí i, Málọmọ́ gan-an ti lọ na ọrùn lẹ́bàá títì! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbé e mì, nítorí mo rí i pé ọ̀nà ti là fún mi. Ọjọ́ ọdún ilé, àwa ìyàwó la máa ń gbálẹ̀, la máa ń pọnmi, la máa ń gbé oúnjẹ ka iwájú àwọn ọmọbìnrin ilé tí wọ́n bá jókòó sórí ẹní bí ìjòyè. Mo ní kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Bí ìyàwó ni, kó wá ṣe iṣẹ́ ìyàwó. Bí kì í bá ṣe ìyàwó, kó tọrọ gáfárà, kó má tún pe orúkọ wọ̀nyẹn mọ́ láéláé. Èmi mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé tó lọ ṣòkòtò báyẹn á kúkú sá padà sí Kùtọnú ju kó ró aṣọ lọ. Orí mi wú. Mo lé ewúrẹ́ jáde nínú ààrò, tọmọtọmọ.

Ọjọ́ pé, Rogatien dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó. Málọmọ́ ro ẹjọ́ fún un, gbogbo agbo ń retí kó bínú. Rogatien wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó bi wọ́n pé níbo ni ìgbálẹ̀ wà. Bernadette tó tẹ̀ lé e wá tú aṣọ ìlékè tirẹ̀, ó ró o fún un lórí ṣòkòtò. Ó wá kọjú sí àwọn ọkọ wa, ó ní bó bá ti parí níbí, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a padà fún òun, nítorí ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń wá ìyàwó tí yóò bá òun gbálẹ̀.

Kí n má tan yín, kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ó kọjú sí afẹ́fẹ́ gbálẹ̀, gbogbo eruku lọ bá àwọn àgbà. Ó pọnmi, ìdajì rẹ̀ dà sí i lára, ìdajì tó kù dà sí Àlàgbé lẹ́sẹ̀ níbi tó fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé ọbẹ̀ fún Málọmọ́ pẹ̀lú orí ìkúnlẹ̀, aṣọ tú, ó fi eyín di etí aṣọ mú, ó sì ń fi ẹnu dídì náà pe, "Ọrùn-yẹ-ìlẹ̀kẹ̀, ọkọ mi." Àwọn tó ń bọ òrìṣà lẹ́yìnkùlé jáde wá wò ó. Fìlà ṣí lórí Àlàgbé nínú ẹ̀rín. Èmi gan-an, mo rẹ́rìn-ín, mo di ìhà mú.

Nígbà tó yá ni mo wo ojú àwọn ọkọ mi. Kò sí ẹni tó ń fi Rogatien ṣe ẹlẹ́yà mọ́. Wọ́n ń ṣàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ń pè é ní ìyàwó wa, ọ̀kan ń fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu omi lójú rẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin, ẹyẹ wá ń yí lu ẹyẹ. Èmi Àgbékẹ́ ni mo fi ọwọ́ ara mi mú ẹni tó máa lé mi jáde wọlé.

Wọ́n jẹun tán, Àlàgbé jókòó, ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kù. Rogatien kì í ṣe òmùgọ̀. Ó yára kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì gẹ́gẹ́ bí àwa ìyàwó ti ń ṣe, omi ṣì ń kán lára aṣọ rẹ̀.

Ó ní, "Baba, ọkọ mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ wá, àlejò ni mí. Lónìí, ìyàwó ilé ni mí. Ẹ fún ìyàwó yín ní ìdí odò."

Agbo hó yèè. Mo rí Àlàgbé tó ń mi orí bí ẹni tó gbà. Mo ti ń rí Oko-Akàrè lójú mi, mo ń rí ẹní tí ìyàwó àbúrò mi máa tẹ́ fún mi ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò àgbàdo.

Málọmọ́ ló gbé ọwọ́ sókè. Ó ní gbogbo orúkọ tí ìyàwó tuntun yìí ń pè, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Ìyàwó gidi a máa sọ ènìyàn lórúkọ fúnra rẹ̀. Ó ní Àgbékẹ́ ló bá nílé, òun ni ìyáàlé rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Kó sọ ọ́ lórúkọ kí gbogbo ilé gbọ́, kí ilẹ̀ tó kan ẹnikẹ́ni.

Ó yà mí lẹ́nu. Àwọn ìyàwó tó dé lẹ́yìn mi ń pè mí ní Ìyáàlé, bí wọ́n ti ń pe ìyáàlé gbogbo. Àwọn ọkọ mi ń pè mí ní Ìyàwó. Èmi tí mo sọ odindi ilé lórúkọ, kò sí ẹni tó jókòó rí kó ronú orúkọ kan fún mi. N kò mọ̀ pé ó ń dùn mí, àfìgbà tí wọ́n sọ ọ́ lójú agbo yẹn.

Rogatien wá tẹjú mọ́ mi. Kí ló ń wò? Mo ní bó bá máa sọ ọ́ kó sọ ọ́, omi ara rẹ̀ ń ba ẹní àwọn ọkọ mi jẹ́. Mo ní ta ló kọ́ ọ láti fi ìgbálẹ̀ ti ara ògiri pẹ̀lú orí rẹ̀ lókè, ṣé ìyá rẹ kò ní ilé ni? Mo ní ọkọ mi Àlàgbé ti jókòó pẹ́, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ìwọ sì ń wo ènìyàn bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu àjẹyó. Mo ń sọ ọ́ lọ ràì. Rogatien bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó tẹ orí ba.

Ó ní, "Abínú-bí-onílé."

Málọmọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá a. Wọ́n ń na ọwọ́ sí mi, wọ́n ń tún un pè láàárín ara wọn, wọ́n ní òun gan-an ni, òun gan-an ni. Àlàgbé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Rogatien tún un sọ. Rogatien tún un sọ sókè, orí rẹ̀ ń wú, ó rò pé òun ti yege. Àlàgbé bi í bóyá irọ́ ló pa tàbí òótọ́ ló sọ.

Rogatien ní, "Òótọ́ ni, Baba. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, bí onílé ni wọ́n ṣe ń bínú. Àlejò kì í bínú báyẹn."

Àlàgbé ní, "Ó dáa. Ìwọ ló fẹnu ara rẹ pè é ní onílé, gbogbo ilé sì gbè é. Kí lo wá kúnlẹ̀ ṣe níwájú mi? Onílé ló ń fún ènìyàn nílẹ̀. Lọ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀."

Bernadette fi ọwọ́ bo ojú, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. Rogatien wá yí padà lórí eékún rẹ̀, ó wọ́ dé iwájú mi, ó ní Ìyáàlé òun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún òun láyè díẹ̀ létí odò.

Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fún un láti ìgbà tó ti gbé ẹ̀rọ dé pọ̀ ju ẹyìn orí ọ̀pẹ lọ. Mo wá ẹyọ kan, n kò rí i. Mo ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mi, kó yọ pátákó yẹn kúrò lójú títì, kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lówùúrọ̀ kó tó wá kí mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyáàlé òun.

Málọmọ́ na igbá rẹ̀ sí mi láti orí ẹní. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, Ìyàwó ló ń pè mí. Ó ní, "Abínú-bí-onílé, bu omi fún mi mu."

Mo gba igbá náà. Mo kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn kí wọ́n má baà rí ojú mi, mo tẹ̀ sórí ìkòkò omi, mo sì ń bu omi lọ. Igbá ti kún, omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, mo ṣì ń bù ú.